Ẹ Bi Wá: Odindi Ọdún Kan fún Àwọn Ọmọ Iléèwé

Lẹ́tà tí a ń rí gbà lórí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ran ọmọ iléèwé àti ará àdúgbò lọ́wọ́, láìwo ti owó, ti pọ̀ ju ohun tí ojú ìwé yìí lè gbà lọ. Márùn-ún la dáhùn lóṣù yìí. A ti yọ orúkọ kúrò, a sì ti gé àwọn tó gùn kúrú.

Láti agbègbè Ìsẹ́yìn

*Agùnbánirọ̀ ni mí. Ìmọ̀ ọ̀gbìn ni mo kà ní yunifásítì, àmọ́ iléèwé girama abúlé ni wọ́n gbé mi sí. Ogójì ọmọ ló wà ní JSS 1 mi. Mo ní kí wọ́n ka ìpínrọ̀ kan nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì wọn, mẹ́fà péré ló lè kà á. Ọ̀gá iléèwé ní kí n ṣáà máa bá sílébọ́ọ̀sì lọ. Mo ti pinnu láti fi gbogbo ọ̀sán mi jìn fún wọn títí n ó fi parí ìsìnlú. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?*

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ fi ìwé Gẹ̀ẹ́sì yẹn sílẹ̀ ná. Àwọn ọmọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí kò lè kà á kò sí lójú kan náà. Òmíràn ò dá lẹ́tà mọ̀ rárá, òmíràn mọ lẹ́tà ṣùgbọ́n kò lè so wọ́n pọ̀, òmíràn ń ka ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kó tó dé òpin gbólóhùn, ó ti gbàgbé bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá da gbogbo wọn pọ̀ kọ́, àwọn tó wà láàárín nìkan ni ẹ̀kọ́ yín máa bá.

Nítorí náà, ìdánwò ẹnu ni kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe. Bébà kan ló gbà. Ẹ kọ lẹ́tà mẹ́wàá sí i ní gàdàgbà, ẹ má sì tò wọ́n bí àwọn ọmọ ṣe máa ń kọ wọ́n lórin. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n ń gbọ́ nílé sábẹ́ rẹ̀: adé, ilé, ẹja, bàtà, omi àti irú wọn. Ẹ kọ ìpínrọ̀ onígbólóhùn mẹ́rin tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìtàn kékeré onígbólóhùn méje sí mẹ́wàá. Ẹ pe ọmọ kan ṣoṣo wá sábẹ́ igi, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí yín ṣùgbọ́n tí ọmọ kejì ò ti ní gbọ́ ohun tó ń kà. Ìpínrọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ nà sí i. Bó bá kà á geere, ẹ fún un ní ìtàn. Bó bá ń kọsẹ̀, ẹ sún un padà sí ọ̀rọ̀: kó mú márùn-ún tó bá wù ú, bó bá gba mẹ́rin, ìpele ọ̀rọ̀ ló wà. Bí kò bá gba mẹ́rin, ẹ lọ sí lẹ́tà, kó mú márùn-ún níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tó fún ọmọ kan, ọ̀sán méjì sì tó fún gbogbo ogójì.

Ẹ má tún un ṣe bó ti ń kà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Ẹ ní oríṣi bébà méjì ó kéré tán, torí pé kó tó kan ọmọ kẹwàá, ẹnìkan á ti há ti àkọ́kọ́ sórí, á sì kà á fún yín láìwo ojú ìwé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin: àwọn tí kò tíì mọ lẹ́tà, àwọn onílẹ́tà, àwọn ọlọ́rọ̀, àti àwọn tó ń ka ìpínrọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi ọjọ́ orí pín wọn, ẹ má sì fi ipò wọn ní kíláàsì pín wọn. Àwọn ará Pratham, ẹgbẹ́ kan tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ọmọdé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Mumbai nílẹ̀ Íńdíà ní 1995, ló sọ irú ìdánwò àti ìpín yìí di ohun tí ayé mọ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin àdúgbò tó ti parí iléèwé girama ni wọ́n kó jọ. Wọ́n fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n sì ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa mú ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún tó rẹ̀yìn jáde kúrò ní kíláàsì fún wákàtí méjì lójúmọ́. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé pẹ̀lú ẹnì kẹta wọn ní 2019, wà lára àwọn tó yẹ iṣẹ́ náà wò ní Mumbai àti Vadodara. Máàkì àwọn ọmọ náà gòkè, ti àwọn tó rẹ̀yìn jù ló sì gòkè jù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹni tó ka ìmọ̀ ọ̀gbìn ò lè kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà.

Yorùbá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọmọ ń gbọ́ yé ló yẹ kó kọ́kọ́ kà. Lẹ́tà 25 la ní, fáwẹ́lì tí a kì í fi imú pè sì jẹ́ 7. Ẹ fi kóńsónáǹtì kan ṣe ìlà kan lójúmọ́ lórí pátákó: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Kí wọ́n kà á síwájú, kí wọ́n kà á sẹ́yìn, kí ẹ na igi sí i láìtò ó, kí wọ́n sì fi sílébù méjì dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fúnra wọn. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣubú ni ẹ àti e, ọ àti o, ṣ àti s, torí pé ojú wọn jọra, ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n sì ń rí kì í fi àmì sábẹ́ wọn. Ẹ̀yin náà ẹ má gbàgbé àmì ìsàlẹ̀ yẹn lórí pátákó lọ́jọ́ kankan. Ní ti àmì ohùn, ẹ fi dò, re, mí kọ wọ́n lórin láti ọ̀sẹ̀ kìíní, àmọ́ ẹ má fi í dá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so lẹ́tà pọ̀ dúró.

Nígbà tí ọmọ bá ti ń ka ìpínrọ̀ Yorùbá, ẹ wá mú un sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó yàtọ̀ ni kí ẹ kọ́ ọ, ẹ má padà sí ìbẹ̀rẹ̀. C, q, v, x àti z ò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, p wa kì í ṣe p tiwọn, e tó wà nínú "bed" sì sún mọ́ ẹ wa ju e lọ. Ẹ sọ èyí fún wọn kedere, ẹ má retí pé wọ́n á dá a rí.

Òbí tàbí olùkọ́ tó bá ní Yorùbá á fa ọmọ sẹ́yìn, ẹ sọ ti iléèwé kan ní Modákẹ́kẹ́ fún un. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́.

Wákàtí kan lójúmọ́ tó, bó bá ṣáà ti jẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí wọ́n mọ̀. Ẹ fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kàwé pa pọ̀, kí ìka ọmọ kọ̀ọ̀kan máa tọ ọ̀rọ̀ bó ti ń kà. Ẹ fi ogún ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́, kí ẹ̀yin jókòó ti àwọn tí kò mọ lẹ́tà. Kí ìyókù jẹ́ ti ìkọ̀wé. Ẹ má gba àkókò ẹ̀kọ́ ẹlòmíràn. Ẹ bẹ ọ̀gá iléèwé pé kó yọ̀ǹda wákàtí ìkẹyìn fún yín, ẹ má bá a jà lórí sílébọ́ọ̀sì. Èsì ìdánwò ẹnu yẹn, bí ẹ bá kọ ọ́ sórí ojú ewé kan tí ẹ gbé e síwájú rẹ̀, á sọ̀rọ̀ ju ẹnu yín lọ.

Ìwé wíwá ọmọ, tí ẹ bá ń mú un déédéé, á fi nǹkan kan hàn yín. Ní Òkè-Ògùn, ọjà ọrọọrún máa ń kó ọmọ kúrò ní kíláàsì, nígbà kajú, láàárín oṣù kejì sí ìkarùn-ún, oko sì máa ń gbà wọ́n pátápátá. Ẹ má jẹ wọ́n níyà fún un. Ẹ kọ ọjọ́ ọjà sínú ètò yín láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí ọjọ́ yẹn jẹ́ ti àtúnkà, kí ẹni tí kò wá má bàa pàdánù ohun tuntun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ tún ìdánwò ẹnu náà ṣe, kí ẹ sì gbé ọmọ tó ti kúrò ní ìpele kan lọ sí èkejì. Láti oṣù kẹta yín ni kí ẹ ti máa wá ọ̀dọ́ kan nílé lóko, ọmọ abúlé tó parí girama tó ń dúró de JAMB, kó jókòó tì yín, kó máa wo bí ẹ ṣe ń ṣe é. Òun ló máa wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti lọ. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ agùnbánirọ̀ ló ń kú lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe ayẹyẹ ìdágbére, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ ibi tí bébà ìdánwò wà.

Láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Maryland

*Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ní òun ò tíì ní wáṣẹ́, òun fẹ́ bá City Year ṣe ọdún kan nínú iléèwé ní Washington. Bàbá rẹ̀ ń bínú, ó ní gbèsè iléèwé ṣì wà nílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́ náà ní òun fẹ́ tẹ̀ lé e. Kí lẹ rí sí i?*

Ìyá wa, a kí yín. Ká kọ́kọ́ mú ti ọmọ ẹ̀gbọ́n yín kúrò nílẹ̀: kò ṣeé ṣe. City Year wà lábẹ́ AmeriCorps, ètò ìsìnlú ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ orílẹ̀-èdè náà àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé ni wọ́n ń gbà. Kó má lọ fi físà rẹ̀ wéwu.

Ní ti ọmọ yín, kì í ṣe iṣẹ́ àṣefowópamọ́, kì í sì ṣe eré. Michael Brown àti Alan Khazei ló dá City Year sílẹ̀ ní Boston ní 1988. Nígbà tí òfin tó dá AmeriCorps sílẹ̀ jáde ní 1993, City Year wà lára ohun tí wọ́n wò ṣe àwòkọ́ṣe. Ọ̀dọ́ tí kò tíì ju ọdún 25 lọ ni wọ́n ń gbà, jákẹ́ẹ̀tì pupa sì ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dé iléèwé kí aago tó lù, wọ́n á kí àwọn ọmọ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á bá ọmọ mẹ́ta mẹ́rin ka ìwé tàbí ṣe ìṣirò nígbà tí olùkọ́ ń kọ́ ìyókù, wọ́n á sì dúró di ọ̀sán fún iṣẹ́ àṣetiléwá. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń tọpa lára ọmọ: wíwá sí iléèwé, ìwà, àti máàkì nínú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Iṣẹ́ Robert Balfanz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins ló fìdí èyí múlẹ̀. Wọ́n tọpa àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ní Philadelphia fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ tí kì í wá tó ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́, tàbí tí wọ́n kọ máàkì burúkú fún lórí ìwà, tàbí tó fìdí rẹmi nínú Gẹ̀ẹ́sì tàbí ìṣirò, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan nínú wọn ló ṣẹlẹ̀ sí i, kì í tó ẹnìkan nínú mẹ́rin irú wọn tó ń parí iléèwé girama. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wọ́n nígbà tí àmì náà ti ń hàn o. Ìdí nìyí tí ọ̀dọ́ kan tó ń pe ilé láti béèrè ìdí tí ọmọ ò fi wá fi jẹ́ ohun ńlá.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí owó, torí ibẹ̀ ni bàbá wọn wà. Wọ́n á máa fún un ní owó oúnjẹ, kò pọ̀, ìjọba sì ń gba owó orí lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ilé yín ló ń gbé, yóò tó o. Bó bá fẹ́ dá yàrá gbà ní Washington, kò ní tó o. Wọ́n á fún un ní ìbánigbófò ìlera. Bó bá parí wákàtí 1,700, yóò gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Segal, tí iye rẹ̀ bá owó Pell Grant (owó ìrànwọ́ ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́) tó ga jù dọ́gba: dọ́là 7,395 ni fún ọdún ètò ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025. Ó lè fi san gbèsè iléèwé tàbí kó fi kàwé sí i láàárín ọdún méje. Gbèsè ìjọba àpapọ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá sísan rẹ̀ dúró fún ọdún yẹn, bó bá sì parí, AmeriCorps á bá a san èlé tó gorí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìdádúró náà. Kì í ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń jìn sí kòtò nìyẹn. Kòtò kejì ni pé ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ àti èlé tí wọ́n san fún un, owó tó wọlé ni wọ́n kà wọ́n sí, kó ya owó orí rẹ̀ sọ́tọ̀. Ìkẹta: bó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún láìní ìdí pàtàkì bí àìsàn, kò ní gba kọ́bọ̀ nínú ẹ̀bùn náà.

Ohun kan ṣoṣo tí a ó fi ṣe ìkìlọ̀ ni pé ní oṣù kẹrin 2025, ìjọba gé owó ọ̀pọ̀ ètò tó wà lábẹ́ AmeriCorps láìròtẹ́lẹ̀. Kí ọmọ yín béèrè lọ́wọ́ wọn lójú kojú, kó tó fọwọ́ síwèé, bóyá owó ọdún náà ti wà nílẹ̀, àti ohun tí wọ́n á ṣe fún un bí wọ́n bá gé e. Bí ìdáhùn bá tẹ́ yín lọ́rùn, tí ilé yín ò sì jìnnà sí ọkọ̀ ojú irin, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ bá wa sọ fún bàbá wọn pé ọdún yìí ò ṣòfò.

Láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá iléèwé kan ní Èkìtì

*Agùnbánirọ̀ tí wọ́n bá gbé wá sọ́dọ̀ wa kì í lò ju oṣù méjì lọ tí wọ́n fi ń gba ìwé ìṣípòpadà. A kì í rí olùkọ́ ìṣirò. Báwo la ṣe lè mú wọn dúró?*

Ọ̀gá, ẹ kú ìrójú. Látìgbà tí òfin 24 ti dá NYSC sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún 1973 ni irú iléèwé yín ti ń gbára lé wọn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń pinnu bóyá wọ́n á dúró. Ọ̀dọ́ tó dé láti Kánò tàbí Ẹnugu, tí kò gbọ́ èdè, tó bá yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ní kọ́kọ́rọ́, tí kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń pọnmi, ọkàn rẹ̀ ti padà sílé kó tó rí ọmọ kankan. Kí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tó dé ọwọ́ rẹ̀, kí yàrá ti wà: ìlẹ̀kùn tó ń tì, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, ibùsùn, àti ibi ìwẹ̀ tí wọn ò pín pẹ̀lú ọmọ iléèwé. Ẹ yan olùkọ́ kan, obìnrin fún obìnrin, kó mú un yí ìlú ká, kó fi í han Baálẹ̀, kó sì fi ọjà hàn án.

Ẹ má di gbogbo kíláàsì ìṣirò rù ú. A ti rí ibi tí wọ́n ti kó JSS 1 dé SS 3 fún ẹnì kan ṣoṣo, tí àwọn olùkọ́ àgbà wá ń jókòó sábẹ́ igi. Ọjọ́ iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí NYSC yà sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, ẹ má fi kíláàsì sí i. Ìwé tí ẹ ń fọwọ́ sí lóṣooṣù kó tó gba owó rẹ̀, ẹ má fi ṣe pàṣán lé e lórí. Bí ẹnìkan bá sì wá bẹ̀ yín pé òun á máa san nǹkan kí òun lè máa gbé Èkó kí ẹ ṣáà máa fọwọ́ síwèé, ẹ kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ yín ló ń sanwó ìyẹn.

Ìjọba ti sọ owó oṣù agùnbánirọ̀ di ₦77,000 láti oṣù kẹta 2025, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àti oúnjẹ ń jẹ ẹ́. Bí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ bá lè máa fi iṣu, gààrí tàbí epo kún un, ó ń ṣiṣẹ́ ju ìwàásù lọ.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín agùnbánirọ̀ tí wọ́n gbé sí ọ̀dọ̀ yín àti ẹni tó fúnra rẹ̀ yàn láti kọ́ ọmọ. Àwọn Teach For Nigeria, tí wọ́n gbé àwọn tó kọ́kọ́ gbà wọ inú iléèwé ní 2017, ń mú ọ̀dọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ yege, wọ́n sì ń fi í sí iléèwé àwọn aláìní fún ọdún méjì. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbájú mọ́ jù, àmọ́ ẹ lè kọ́ ohun kan lára wọn: ọdún méjì máa ń fún olùkọ́ láyè láti tún ohun tí kò ṣe dáadáa lọ́dún kìíní ṣe.

Láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ agùnbánirọ̀ kan ní Ọ̀ṣun

*A kó owó jọ láàárín ara wa, ₦60,000. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí wa ní ṣáláńgá ṣùgbọ́n kò ní omi. A fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ.*

Owó yín ò ní gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Iṣẹ́ á dúró lójú ọ̀nà, kòtò á sì wà níbẹ̀ fún ewúrẹ́. Ẹ ṣe ohun tí ẹ lè parí: ibi ìfọwọ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, mẹ́rin rẹ̀, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá, méjì níbi tí àwọn ọmọ ti ń jẹun. Owó á ṣẹ́kù.

Fún ẹyọ kan, ẹ wá igi méjì tó gùn tó mítà 2, tí orí wọn là sí méjì; igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó gùn tó mítà 1; kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tó ní ọwọ́ ìdìmú; okùn; ìṣó; ọṣẹ kan; àti òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ gbẹ́ ihò méjì tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 50, kí àárín wọn jẹ́ 70. Ẹ ri igi alórí-méjì mọ́lẹ̀, ẹ sì tẹ ilẹ̀ rẹ̀ le. Ní àárín wọn, ẹ gbẹ́ kòtò pẹrẹsẹ, 60 sí 60, jíjìn rẹ̀ 10, kí ẹ da òkúta kún un. Òkúta yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, ẹrẹ̀ ló sì ń kẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ ò ní dé ibẹ̀ mọ́.

Ẹ gbóná ìṣó, ẹ fi lu ihò kan ṣoṣo sí iwájú kẹ́ẹ̀gì, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 láti ìdí rẹ̀. Bí ìṣó bá nípọn, omi á máa ya, kẹ́ẹ̀gì á gbẹ kí ìsinmi tó tán. Ẹ ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ọwọ́ ìdìmú, ẹ gbé e kọ́ orí igi méjèèjì. Ẹ lu ìdérí kẹ́ẹ̀gì, ẹ ki okùn kan gbà á kọjá, ẹ ta á ní kókó nínú kó má bàa yọ, kí ẹ sì so ìsàlẹ̀ okùn náà mọ́ igi kejì tó dùbúlẹ̀ nílẹ̀. Ẹ bu omi sí i, kó má dé ojú ihò. Bí ọmọ bá tẹ igi ìsàlẹ̀, okùn á fa orí kẹ́ẹ̀gì wálẹ̀, omi á jáde láti ojú ihò. Bó bá gbẹ́sẹ̀, á dúró. Ọwọ́ rẹ̀ ò kan kẹ́ẹ̀gì rárá. Ẹ lu ọṣẹ ní ihò, ẹ fi okùn kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì da agolo bò ó lórí kí òjò má bàa yọ́ ọ.

Ikán ni ọ̀tá àkọ́kọ́: ẹ fi iná jó ìdí igi díẹ̀, ẹ sì fi ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ti lò kùn ún kí ẹ tó rì í. Okùn ìsàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ já. Ẹ fi òmíràn sílẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́. Àmọ́ ohun tó ń pa á jù ni pé kò sí ẹni tó ń pọnmi sí i. Kí ẹ tó kúrò, kí orúkọ ọmọ kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún ti wà lára ògiri, méjì méjì lójúmọ́, pẹ̀lú orúkọ olùkọ́ tó ń bójú tó o. Owó tó bá ṣẹ́kù, ọṣẹ ni kí ẹ fi rà fún sáà méjì.

Láti ọ̀dọ̀ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ní Ìbàdàn

*Mo ń dúró de yunifásítì, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní àdúgbò wa. Bàbá ọmọ kan ń jà pé mo gbé fọ́tò ọmọ òun sórí WhatsApp. Ṣé mo jẹ̀bi? Ṣé mo sì lè nà wọ́n bí wọ́n bá ń pariwo?*

O ṣeun tí o bi wá, ọmọ wa. Ẹ̀tọ́ ni bàbá yẹn sọ. Yọ fọ́tò náà lónìí, lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, kí o sì gba ìyọ̀ǹda òbí lórí ìwé kí o tó ya ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí wọ́n bá gbà, má kọ orúkọ ọmọ tàbí iléèwé rẹ̀ sí i.

Má nà wọ́n. Àwọn tí kò lè kà ló máa ń pariwo. Fún wọn ní ohun tí ìpele wọn gbé.

Nǹkan tó ju fọ́tò lọ tún wà. Má wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, ì báà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Má rán ọmọ wá sí ilé rẹ láti pọnmi tàbí fọṣọ. Má gba nọ́ńbà ọmọ, ti òbí ni kí o gbà. Jẹ́ kí àgbàlagbà kan tí àwọn òbí mọ̀ máa yọjú láìròtẹ́lẹ̀.

Bí ọmọ bá sọ fún ọ pé ẹnìkan ń ṣe òun níṣekúṣe, fetí sílẹ̀, má fi ìbéèrè gbọ̀n ọ́n lẹ́nu, má sì ṣèlérí pé o ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ọ̀yọ́ sọ di òfin ìpínlẹ̀ ní 2006, wà lẹ́yìn ọmọ náà. Kọ ohun tó sọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti àsìkò. Sọ fún ọ̀gá iléèwé rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kan náà. Bó bá jẹ́ pé ará iléèwé lọmọ dárúkọ, tàbí tí ọ̀gá náà ní kí o panu mọ́, mú ìwé rẹ lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé ní ìjọba ìbílẹ̀, tàbí sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú àgbàlagbà kan tó o fọkàn tán. Má lọ bá ẹni tí ọmọ dárúkọ fúnra rẹ.